Ìbéèrè: Báwo ni ọdẹ ọlọ́fà ṣe lè máa ya fídíò ara rẹ̀ láti inú saddle lórí igi?

Ọmọ Ọdẹ Atlanta béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá ọdẹ. Atlanta ni mo ń gbé. Igbó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Oconee, ní agbègbè Redlands lẹ́bàá Greensboro ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni mo ti ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín onírù-funfun. Ọrun compound, ìyẹn ọrun òde òní tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré létí, ni mo ń lò, ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì fi ń fa ọsán. Mo ti pa àga orí igi tì, saddle, ìyẹn ìjókòó onígbànú tí a ń fi okùn so mọ́ igi, ni mo ń lò báyìí, nítorí pé gbogbo ẹrù mi ń wọ inú àpò ẹ̀yìn kan ṣoṣo, mo sì lè rìn wọ inú igbó jìnnà réré sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ń dúró sí. Mo mọ bí a ṣe ń fi igbà gun igi, mo mọ bí a ṣe ń so okùn orí mọ́ ìtì igi kí ó gbé ìwọ̀n ara mi, mo sì ti ta ọfà láti inú saddle náà lẹ́yìnkùlé títí ó fi mọ́ mi lára.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án yìí, nígbà tí àsìkò ọlọ́fà bá ṣí, ni kí n máa ya fídíò ìṣọdẹ mi fúnra mi, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá mi gbé kámẹ́rà. Mo ti ra kámẹ́rà Sony FDR-AX53 àlòkù, mo sì ti ra apá kámẹ́rà tí a ń fi bẹ́líìtì dè mọ́ igi. Ìṣòro mi ni pé ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run fún mi, ọrun nìkan sì ti gba méjèèjì. Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo. N kò fẹ́ kí àgbọ̀nrín bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí kámẹ́rà, n kò sì fẹ́ ṣá ẹran lọ́gbẹ́ lásán nítorí pé ojú mi kò kúrò lára àwòrán.

Ẹ jọ̀wọ́, ibo lára igi ni kí n so apá kámẹ́rà mọ́, kí ó má bàa dí ọrun àti okùn orí lọ́wọ́? Kí ni kí ọwọ́ mi kọ́kọ́ ṣe, kí ni yóò sì tẹ̀ lé e, láti ìgbà tí mo bá ti rí ẹran títí di ìgbà tí n ó tú ọfà sílẹ̀? Mo sì tún ń rò ó bóyá mo ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba bí mo bá fẹ́ gbé fídíò náà sórí YouTube, pàápàá bí ó bá wá ń pawó wọlé lọ́jọ́ iwájú.

Baba Ọlọ́fà Macon fèsì pé:

Àbúrò, mo kí ọ kú ìmúra. Èsì mi yóò gùn díẹ̀, nítorí pé ibi tí a óò so apá kámẹ́rà mọ́ kò ṣeé sọ láìsọ irú igi tí a yàn, igi tí a yàn kò sì ṣeé sọ láìsọ ọ̀nà tí ẹran yóò gbà wá.

Nínú saddle, ìwọ lo kọjú sí igi. Ìtì igi wà láàárín ìwọ àti ẹran, ó ń bò ọ́ lójú, èyí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ju àga lọ. Ṣùgbọ́n ìtì igi kan náà ni yóò bo kámẹ́rà lójú bí o kò bá ti ro ó tẹ́lẹ̀. Jẹ́ kí á fi ilẹ̀ tó yí igi ká ṣe ojú aago, kí ìwọ wà ní aago 6, kí òdì kejì igi sì jẹ́ aago 12. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, apá òsì ni ọfà ti rọrùn jù lọ láti ta, láti nǹkan bí aago 8 títí dé aago 11. Nítorí náà, wá igi tí ipa ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín yóò gba aago 10 tàbí 11 kọjá, ní yáàdì 15 sí 20, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹran wá bá ọ. Lẹ́yìn náà, de ìdí apá kámẹ́rà mọ́ aago 3, ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ, kí o wá na apá náà síwájú kí kámẹ́rà lè dúró ní bí aago 2, kí ó máa wo iwájú igi kọjá sí apá òsì. Ọrun yóò wà lórí ìkọ́ ní apá òsì, kámẹ́rà yóò wà ní apá ọ̀tún, àwọn méjèèjì kò sì ní pàdé.

Ní ti gíga, okùn orí rẹ gbọ́dọ̀ yí igi ká ní ọ̀gangan ojú rẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí apá kámẹ́rà yóò wà nísàlẹ̀ okùn yẹn, láàárín àyà àti àgbọ̀n rẹ, níbi tí o ti lè rí ojú kámẹ́rà láìna ọrùn. Bí o bá so ó sókè ju okùn lọ, ìwọ yóò máa ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lórí àjà nígbàkigbà tí o bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ìṣípòpadà ọwọ́ sókè sì ni àgbọ̀nrín ń tètè rí.

Má ṣe gun igi ga jù nítorí pé o fẹ́ fara pamọ́. Èmi kì í sábà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 18. Bí a bá ṣe ga tó ni ọfà yóò ṣe máa bọ̀ láti òkè sísàlẹ̀ tó, tí yóò sì ṣòro láti gún ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Fídíò náà kò sì ní fi nǹkan kan hàn ju ẹ̀yìn ẹran lọ. Igi tulip poplar máa ń tọ́, ó sì rọrùn láti de nǹkan mọ́. Pine wọ́pọ̀ ní Oconee, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ nígbà tí o bá ń fún bẹ́líìtì, oje rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ okùn. Igi óákù funfun kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́, àmọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ń bo ọdẹ mọ́lẹ̀, èso rẹ̀ sì ni àgbọ̀nrín ń wá jẹ lásìkò náà. Yẹra fún igi tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ yóò mì ín, kámẹ́rà tí o sì fà súnmọ́ ẹran yóò fi ìmìtìtì náà hàn ní ìlọ́po.

Bí o bá ti dé orí pèpéle ìtẹ̀sẹ̀, tí okùn orí sì ti gbé ọ, fi okùn fa ọrun àti àpò rẹ sókè. Má ṣe gun igi pẹ̀lú apá kámẹ́rà lọ́wọ́. So apá náà, tẹ́ ẹ dọ́gba, kí o tó gbé kámẹ́rà lé e, kí o sì fi okùn kékeré kan so kámẹ́rà mọ́ apá náà bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ọwọ́ rẹ yọ̀ nínú òkùnkùn. Má ṣe tú okùn orí láti na ọwọ́ dé ibikíbi, má sì jẹ́ kí ó dẹ̀. Saddle kì í ṣe ìgbànú agbára tó ń gba gbogbo ara ẹni tó jábọ́. Ohun tó mú kí ó ní ààbò ni pé okùn máa ń le gbọnin nígbà gbogbo. Bí o bá jábọ́ lórí okùn tó dẹ̀, ìfàyọ náà lè ba ẹ̀yìn rẹ jẹ́.

Ó wá ku ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí o béèrè. Àyè tí ẹran yóò wọ̀ ni kí o ya, kì í ṣe ẹran. Kí ilẹ̀ tó mọ́, o ti mọ ibi méjì tàbí mẹ́ta tí ọfà rẹ lè gbà kọjá láìkan ẹ̀ka. Nígbà tí o bá rí ẹran lókèèrè, tẹ bọ́tìnnì ìgbàsílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, má dúró dìgbà tó bá súnmọ́. Fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá kámẹ́rà mú, máa tọ ẹran lẹ́yìn, kí ọwọ́ òsì ti wà lára ọrun. Nígbà tí ẹran bá ku igi kan tàbí méjì sí àyè tí o ti yàn, gbé kámẹ́rà kọjá iwájú rẹ̀ lọ sí àyè náà, jẹ́ kí àwòrán fẹ̀ kí ẹran má bàa gba ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ, kí o wá fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, o kò ní kámẹ́rà mọ́. Ìtúsán rẹ, ìyẹn ohun èlò ọwọ́ tí a fi ń fa ọsán tí a sì fi ń tú u sílẹ̀, yóò lọ sára ọsán, ìwọ yóò fa ọsán nígbà tí orí ẹran bá wà lẹ́yìn igi, ojú rẹ yóò sì wà lára irun tó wà lẹ́yìn apá rẹ̀ iwájú títí ọfà yóò fi lọ. Fídíò 4K, èyí tí àwòrán rẹ̀ gaara ju HD lásán lọ, ni kámẹ́rà rẹ ń yà, nítorí náà o lè gé àwòrán súnmọ́ nílé láìbà á jẹ́ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fa àwòrán súnmọ́ nígbà tí ẹran ti wà ní yáàdì 20 ni ẹran yóò bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Dánra wò lórí igi tó kúrú, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, kí o yí ọrun láti apá òsì dé apá ọ̀tún láti mọ ibi tí etí ọrun ti ń kan apá kámẹ́rà. Má ṣe fa ọsán láìsí ọfà lórí rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ṣèèṣì já lọ́wọ́ rẹ, ọrun yẹn lè fọ́ sí ọ lójú.

Alákámẹ́rà Òde-Àríyá, Houston, fèsì pé:

Baba, ẹ ṣeun, ẹ ti sọ èyí tó ṣòro. Èmi kì í ṣe ọdẹ bíi tiyín, iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó àti òkú ni mo ń ṣe jẹun, ìgbà tí àwọn ẹbí ìyàwó mi ní ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wọ igbó. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà nìkan ni n ó sọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni fókọ́ọ̀sì, ìyẹn mímú kí àwòrán gaara. Bí o bá jẹ́ kí kámẹ́rà máa wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ nínú igbó, ewé tó súnmọ́ ọ jù ni yóò mú, àgbọ̀nrín yóò sì di òjìji lẹ́yìn ewé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́, yí fókọ́ọ̀sì sí ti ọwọ́, fa àwòrán súnmọ́ kùkùté tàbí igi kan tó wà ní yáàdì tí Baba sọ pé kí o ti máa retí ẹran, mú un gaara, kí o wá fẹ àwòrán padà. Nígbà tí awò bá fẹ̀, ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn kùkùté náà yóò gaara pẹ̀lú, o kò sì ní láti tún fọwọ́ kàn án.

Ohun kejì ni ìmọ́lẹ̀, èyí ni yóò sì fún ọ ní wàhálà jù. Ẹran máa ń rìn ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́. Ojú ènìyàn ṣì ń ríran dáadáa nígbà tí kámẹ́rà olójú kékeré bíi AX53 ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán onídọ̀tí hàn. Kámẹ́rà náà lè fa àwòrán súnmọ́ ní ìlọ́po 20, ṣùgbọ́n bí o bá ṣe ń fà á ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ń dín kù. Ìdí mìíràn nìyẹn tí àwòrán fífẹ̀ fi dára ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ní owó máa ń ra kámẹ́rà Sony AX700 tí ojú inú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní íǹṣì kan, ìlọ́po 12 péré sì ni ó ń fà súnmọ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní ra òmíràn lọ́dún àkọ́kọ́. Màá kàn gbà pé àwọn ìṣẹ́jú kan wà tí a lè ta ọfà ṣùgbọ́n tí a kò lè ya fídíò.

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè bóyá fírémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò, 30 tàbí 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ọfà tó ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 280 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò rin yáàdì 20, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 60, ní nǹkan bí ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ní fírémù 30, ìrìnàjò ọfà náà kò ju fírémù mẹ́fà lọ. Ní 60, ó tó 13. Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí ọfà bà gan-an, 60 ló dára nígbà tí oòrùn bá wà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, padà sí 30, kí ojú kámẹ́rà lè là pẹ́ díẹ̀ kí ó tó pa dé lórí fírémù kọ̀ọ̀kan. Ní ti AX53 rẹ, 4K kò kọjá fírémù 30. 60 wà nínú HD lásán, nítorí náà ìwọ ni yóò yan èyí tí o fẹ́ jù nínú àwòrán tó ṣeé gé àti àwòrán tó ń fi ọfà hàn.

Pa gbogbo ohùn tí kámẹ́rà ń dún nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, pa iná pupa iwájú rẹ̀, kí o sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú ìwòran rẹ̀ kù, nítorí pé ní òwúrọ̀ kùtù ìmọ́lẹ̀ yẹn ń tàn sí ojú ọdẹ lórí igi, àgbọ̀nrín sì ń rí i láti ìsàlẹ̀. Ra rìmóòtù tí a ń so mọ́ ọ̀pá kámẹ́rà, èyí tí àtàǹpàkò rẹ lè fi tẹ ìgbàsílẹ̀ kí ó sì fi fa àwòrán láìgbé ọwọ́ kúrò. Nínú gbogbo ohun tí a lè rà kún kámẹ́rà, òun ni mo kà sí owó tí kò ṣòfò. Máìkì kékeré tí a ń fi há ọrùn aṣọ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o bá sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Máìkì orí kámẹ́rà yóò gbọ́ ọrun àti ìró ọfà nígbà tó bá bà, ṣùgbọ́n fi ìbora onírun bò ó kí afẹ́fẹ́ má ba ohùn jẹ́.

Ọmọ Ṣakí ní Maryland fèsì pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn, àfi pé mo fẹ́ fi apá kan kún un tí àwọn oníYouTube kì í sọ. Ìbọn ṣakabùlà ni bàbá mi fi ń ṣọdẹ ní Òkè-Ògùn, ẹran tó bá gbé délé nìkan ni ẹ̀rí. Lónìí, fídíò ni ẹ̀rí, ẹ̀rí yẹn sì máa ń ti ọdẹ láti ta ọfà tí kò yẹ kó ta. Àgbọ̀nrín ńlá wà ní yáàdì 38, àwòrán rẹ̀ lẹ́wà lójú kámẹ́rà, ó kọ iwájú sí ọdẹ, ọdẹ sì rò pé bí òun kò bá ta á, kò sí ohun tí òun yóò gbé síta lọ́sẹ̀ náà. Ìró ọsán máa ń ṣíwájú ọfà dé etí ẹran, nítorí pé ìró ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 1,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní yáàdì 20, ẹran tí ara rẹ̀ balẹ̀ kò ní rí àyè ṣe púpọ̀. Ní yáàdì 38, ó ti tẹ̀ba kí ọfà tó dé, ọfà tí o fi sí ẹ̀dọ̀fóró yóò sì bà á ní ẹ̀yìn. Òfin mi ni pé bí kámẹ́rà kò bá tíì wà ní ipò ṣùgbọ́n tí ẹran kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi nítòsí, mo ń ta ọfà, mo sì gbàgbé fídíò. Bí fídíò bá wà ní ipò ṣùgbọ́n tí ẹran kò dúró dáadáa, n kò ní fa ọsán rárá.

Síbẹ̀, mo ń ya fídíò, ìdí tí mo sì fi ń yà á kì í ṣe ti àwọn òǹwòran. Ohun tí ó wúlò fún jù lọ ni mímọ ibi tí ọfà bà. Ojú ọdẹ máa ń tàn án ní àkókò yẹn, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, ó sì máa ń rí ohun tó fẹ́ rí. Lẹ́yìn tí ẹran bá ti sá lọ, dúró lórí igi, da fídíò padà, kí o wò ó ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Ìdí ọfà oníná ṣe pàtàkì nínú èyí, nítorí pé iná kékeré yẹn ni yóò fi ọ̀nà tí ọfà gbà hàn lójú kámẹ́rà. Wo ìhùwàsí ẹran pẹ̀lú. Èyí tí ọfà bà ní ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró sábà máa ń ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ó sì sáré tete. Èyí tó bà ní ikùn máa ń ká ẹ̀yìn, kí ó rìn díẹ̀, kí ó sì dúró.

Bí ọfà bá gba inú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ti tó kí o tó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá a, ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń hó ni ìwọ yóò sì rí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúdú, fún un ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ ìfun, tí ohun aláwọ̀ ewé tó ń rùn bá wà lára ọfà, wákàtí mẹ́jọ sí 12 ni àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ. Ní Georgia ní oṣù Kẹsàn-án, ooru kò ní jẹ́ kí ẹran pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, àwọn ajá igbó tí wọ́n ń pè ní coyote kò sì ní dúró dè ọ́. Síbẹ̀, ẹran tí a bá lé dìde láìtọ́ àkókò lè rìn jìnnà débi tí a kò ní rí i mọ́. Fídíò ni yóò jẹ́ kí o mọ èyí tí o máa ṣe, dípò kí o máa bá ọkàn rẹ jiyàn lórí igi. Má ṣe pa fídíò tí ọfà bà níbi tí kò dára rẹ́ o. Bí o kò bá fẹ́ fi hàn aráyé, fi pamọ́ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ.

Olùkọ́ Ààbò Ọdẹ fèsì pé:

Mo ń dáhùn apá òfin nìkan. Láti ọjọ́ 4, oṣù Kìíní, ọdún 2025, nígbà tí ààrẹ Amẹ́ríkà buwọ́ lu òfin tí wọ́n ń pè ní EXPLORE Act, ẹni tó ń ya fídíò lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ bíi igbó Oconee kò nílò ìwé àṣẹ, kò sì ní san owó, bí àwọn tó wà níbẹ̀ kò bá tó mẹ́fà, tí ohun èlò wọn kò kọjá ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ gbé, tí wọn kò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí wọn kò sì ba ohunkóhun jẹ́ nínú igbó náà. Òfin náà kò wò ó bóyá fídíò náà ń pawó wọlé tàbí kò pawó wọlé. Ìwọ nìkan lórí igi, pẹ̀lú kámẹ́rà kan, wà láàárín ààlà yẹn dáadáa. Ilẹ̀ ẹni ara ẹni yàtọ̀. Ìyọ̀ǹda onílẹ̀ fún ọdẹ kì í ṣe ìyọ̀ǹda fún fídíò, nítorí náà béèrè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Fi bẹ́líìtì tàbí okùn de apá kámẹ́rà àti ọ̀pá àtẹ̀gùn rẹ, má ṣe lo èyí tí a ń lọ̀ wọ inú igi. Ní Georgia, ìdajì wákàtí ṣáájú ìlà oòrùn títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìwọ̀ rẹ̀ ni òfin gbà wá láyè láti ta àgbọ̀nrín. Kámẹ́rà rẹ ń kọ àkókò sínú fídíò, nítorí náà ṣàtúnṣe aago rẹ̀ kí o tó kúrò nílé. Mo ti rí ẹni tí aago kámẹ́rà rẹ̀ yá ju bó ti yẹ lọ, tí ó sì fẹ́ dà bí ẹni pé ó ta ọfà lẹ́yìn àsìkò. Bákan náà, bí o bá fẹ́ ya ara rẹ pẹ̀lú ẹran lẹ́yìn tí o bá rí i, kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ẹran rẹ ná kí o tó gbé e kúrò níbi tó kú sí, kí o sì parí Game Check, ìyẹn fífi ẹran tí o pa tó ìjọba ìpínlẹ̀ létí, láàárín wákàtí 24.

Ọmọ Ọdẹ Atlanta dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń wá rìmóòtù náà. Ìbéèrè kan ló kù. Baba, bí àgbọ̀nrín bá kọ̀ tí kò gba apá òsì, tí ó wá yọ ní aago 3, níbi tí apá kámẹ́rà wà gan-an, kí ni kí n ṣe? Ǹjẹ́ ó sì pọn dandan kí n ní kámẹ́rà kejì?

Baba Ọlọ́fà Macon fèsì pé:

Yóò ṣẹlẹ̀, nítorí pé àgbọ̀nrín kò ka ohun tí a kọ síbí. Bí ó bá ṣì wà lókèèrè, ti apá kámẹ́rà síwájú títí kámẹ́rà yóò fi dé aago 12, kí o yí i kí ó wo apá ọ̀tún, kí ìwọ fúnra rẹ wá tẹ pèpéle kí o sì fi ẹsẹ̀ yí ara rẹ ká igi ní apá òsì títí ẹ̀yìn rẹ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ sí igi, kí okùn orí wà lẹ́bàá èjìká rẹ. Ìyípadà yìí lọ́ra, ìtì igi kò sì bò ọ́ mọ́, nítorí náà ìgbà tí ẹran bá tẹ orí ba láti jẹun tàbí tí igi bá bò ó lójú nìkan ni kí o ṣe é. Bí ó bá ti súnmọ́ tí kò sí àyè fún gbogbo èyí, fi kámẹ́rà sílẹ̀ níbi tó wà, ṣùgbọ́n rí i dájú pé etí ọrun kò ní kàn án nígbà tí ọsán bá padà. Bí o kò bá ní ìdánilójú yẹn, jẹ́ kí ẹran lọ.

Kámẹ́rà kejì kò pọn dandan, àmọ́ ó wúlò fún irú àkókò yìí gan-an. Kámẹ́rà kékeré olójú fífẹ̀, èyí tí àwọn ọmọdé ń so mọ́ kẹ̀kẹ́, ni kí o dè mọ́ igi lókè orí rẹ ní apá òsì, kí ó máa wo ìwọ, ọrun àti ilẹ̀ iwájú lápapọ̀. Àgbọ̀nrín yóò kéré nínú àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò fi bí o ṣe fa ọsán hàn àti ibi tí ẹran sá gbà, èyí tí kámẹ́rà ńlá kò rí. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, nítorí náà má ṣe tàn án láti òwúrọ̀. Tàn án nígbà tí o bá rí ẹran, lẹ́yìn tí o bá ti tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà ńlá, bí àyè bá sì wà. Bí o bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kámẹ́rà méjèèjì, apá wọn àti ọrun ni kí o kọ́kọ́ fi okùn sọ̀ kalẹ̀, kí o tó so igbà mọ́ igi kí o sì tú okùn orí.